Òdòdó tó ń wọ bàálù lóru, àti agbọ̀n obì ìyá àgbà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, mo dúró ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níwájú ọmọbìnrin kan tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì kalẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Róòsì ló wà nínú wọn, pupa fòò, wọ́n fi ọ̀rá wé orí kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló bá a pààlà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ọmọkùnrin kan pàtẹ fúláwà oníke, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Mo béèrè ibi tí róòsì náà ti wá. Ó ní, "Èkó ni mo ti lọ kó o, àǹtí. Kẹ́ńyà ni wọ́n ní ó ti wá kó tó dé Èkó." Ọgbọ̀n ló rà. Mẹ́rin ti rọ kí mọ́tò tó dé Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jẹ yọ lọ́dọọdún bí oṣù kejì bá ti dé. Lórí rédíò, nínú ìpàdé àwọn àgbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, ẹnìkan á ní: Kẹ́ńyà ń fi òdòdó lásán pa owó ilẹ̀ òkèèrè, àwa náà nílẹ̀, a lómi, a lọ́dọ̀ọ́, kí ló wá ṣe wá? Ìbéèrè gidi ni, èébú ìjọba nìkan kò sì tó láti fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa ní láti tẹ̀lé òdòdó kan láti ibi tí wọ́n ti gé e títí dé ibi tó kú sí.

Etí adágún Naivasha, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nairobi, ni ọ̀pọ̀ róòsì Kẹ́ńyà ti ń wá. Inú ilé ọ̀rá ńláńlá ni wọ́n ń gbìn ín sí. Orí rẹ̀ kò tíì là tí wọ́n fi ń gé e, nítorí èyí tó bá ti là tán lóko ti pẹ́ jù fún ọjà. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, wọ́n á ki ìdí rẹ̀ bọ omi lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e wọ yàrá tútù, láti ibẹ̀ lọ ooru kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Nǹkan bí ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń pa á mọ́ sí. Àwọn obìnrin á tò ó ní gígùn-gígùn, ti 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́tọ̀, ti 50 lọ́tọ̀, ti 60 lọ́tọ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á kó o sí páálí. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ òtútù á gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Jomo Kenyatta. Lóru ló sábà máa ń wọ bàálù. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti dé Yúróòpù.

Kí ló dé tí òtútù fi jẹ́ dandan? Òdòdó tí a ti gé ṣì ń mí. Oúnjẹ tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń jẹ, kò sí gbòǹgbò tó máa wá òmíràn fún un. Ooru á mú kó yára mí, á yára jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, á sì yára kú. Òtútù ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ ayé tó kù fún òdòdó ni Kẹ́ńyà ń tà. Ẹni tó ra róòsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé ara rẹ̀ sọ pé á tó ọjọ́ márùn-ún tàbí méje, ọjọ́ márùn-ún tàbí méje yẹn ló sanwó fún. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà tí ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kan ti yọ kúrò lára ọjà, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

Ní Nẹ́dálándì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Họ́láǹdì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Aalsmeer, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Schiphol. Gbàgede òdòdó tó tóbi jù láyé wà níbẹ̀. Ilé ọjà náà fẹ̀ ju 500,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì ń tò kọjá nínú rẹ̀ láti òru títí di ọ̀sán. Royal FloraHolland ló ń darí rẹ̀, owó tó sì ń gba ọwọ́ wọn kọjá lọ́dún tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 yúrò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Àwọn àgbẹ̀ olódòdó ló ni ín, wọ́n ń ṣe é bọ̀ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn olóko ní Kẹ́ńyà àti Etiópíà sì wà lára ọmọ ẹgbẹ́. Irú alájẹṣẹ́kù tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyálọ́jà wa ń ṣe náà ni, wọ́n kàn fi kọ́ ilé ọjà dípò kí wọ́n máa fi yá ara wọn lówó nìkan.

Gbànjo ni wọ́n fi ń tà á, ṣùgbọ́n gbànjo wọn yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa, owó ń gòkè ni, ẹni tó bá pe owó tó pọ̀ jù ló ń gbé ọjà lọ. Tiwọn, ojú aago kan wà tí owó ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ló ni ọjà. Bí o bá yára jù, o rà á wọ́n. Bí o bá dúró de kó tún wálẹ̀ sí i, ẹlòmíì ti gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni òwò kan fi ń parí. Kò sí "ẹ bá mi dín in", kò sí ẹ̀ènì, nítorí ọjà tó ń kú lọ lójú ẹni kò fi àyè sílẹ̀ fún ìnájà. Ọ̀pọ̀ olùrà kò tilẹ̀ lọ sí Aalsmeer mọ́, ilé ni wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, àwọn ṣúpámákẹ́ẹ̀tì ńlá sì ń ra tiwọn tààrà lọ́wọ́ olóko láìgba ojú aago kankan kọjá.

Àwọn ará Họ́láǹdì ló ń gbin púpọ̀ nínú òdòdó wọn fúnra wọn nígbà kan, nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi iná mú gbóná nígbà òtútù. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, owó iná náà fò. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tí Ọlọ́run ti bá wọn dá iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí ní 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yùkréènì sọ gáàsì di ọ̀wọ́n, tí àwọn ilé onígíláàsì kan sì pa iná wọn. Ní apá Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. David Cheever, tó wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado, kọ iṣẹ́ ìwádìí kan ní 1967 pé ìtòsí Bogotá ní Kòlóńbíà dára gan-an fún òdòdó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dá oko sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 1991, ìjọba Amẹ́ríkà yọ owó orí ẹnubodè kúrò lórí òdòdó Kòlóńbíà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lè rí nǹkan gbìn yàtọ̀ sí igi koka tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì. Lónìí, nínú òdòdó gígé mẹ́wàá tó ń wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè, bíi mẹ́sàn-án ló ń gba pápákọ̀ Miami. Mo máa ń rántí Cheever bí mo bá rí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n ń da ìwé iṣẹ́ àṣejáde nù sẹ́yìn ilé.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tí wọ́n yàn. Naivasha ga tó nǹkan bí 1,900 mítà ju òkun lọ, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bogotá ga tó nǹkan bí 2,600. Ìlà ìdáméjì ayé sún mọ́ wọn, nítorí náà oòrùn ń ràn fún bíi wákàtí méjìlá lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Òkè sì mú kí òru tutù. Oòrùn ọ̀sán tó pé àti òtútù òru ni róòsì ń fẹ́: á rọra dàgbà, igi rẹ̀ á ki, á gùn, orí rẹ̀ á tóbi. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ga tó 400 mítà. Òru wa móoru. Róòsì tí a bá gbìn síbí á sáré là, igi rẹ̀ á tín-ín-rín, ọjọ́ díẹ̀ náà á sì ti wọ́wé. Ní Nàìjíríà, orí òkè Jos àti òkè Mambilla ni ojú ọjọ́ ti sún mọ́ ohun tó ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ẹgbẹ́ ra igi róòsì wá gbìn sí Arówómọlẹ̀ nítorí ohun tó gbọ́ lórí rédíò. Àwọn òdòdó ilẹ̀ gbígbóná wà, irú bíi heliconia àti òdòdó àwọn ẹbí ata ilẹ̀, tí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ òtútù líle, àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní Ìbàdàn àti Èkó sì lè rà wọ́n. Ọjà kékeré ni, ṣùgbọ́n tiwa ni.

Owó tí Kẹ́ńyà ń pa kì í ṣe ọ̀fẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú òdòdó, omi yẹn sì ti ara adágún Naivasha àti ilẹ̀ àyíká rẹ̀ wá. Lásìkò ọ̀dá 2009, adágún náà fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn, àwọn apẹja sì ń nàka sí àwọn olóko òdòdó. Láti 2020 síwájú, omi náà yí padà, ó kún, ó sì ń wọ ilé àwọn èèyàn tó ń gbé etí rẹ̀. Kì í ṣe òdòdó nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ojò wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lókè odò wà níbẹ̀, ìlú tó ń gbòòrò láìní kòtò ìdọ̀tí tó péye wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kó omi adágún kan lọ sí Yúróòpù nínú páálí ní láti jíhìn fún àwọn tó ń pọn mu nínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gé e, tó ń tò ó, tó ń dì í. Iṣẹ́ oṣù ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹni tó ń rán ọmọ lọ sílé ìwé láìdúró de ọkọ. Èmi kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn láé. Síbẹ̀, owó oṣù náà kéré, òmíràn nínú wọn ń ṣiṣẹ́ oní-sáà tí wọ́n lè dá dúró nígbàkigbà, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sínú ilé ọ̀rá sì ń ba ara àti ojú jẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé kí ó tó rọlẹ̀. Bí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì bá ń bọ̀, ní Kẹ́ńyà àti ní Kòlóńbíà, wákàtí iṣẹ́ á gùn di òru. Àmì Fairtrade tí ẹ máa ń rí lára àwọn kan túmọ̀ sí pé ẹni tó ra òdòdó náà fi owó díẹ̀ kún un, tó ń padà sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé bàálù ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, kí Yúróòpù máa gbin tiwọn. Ní 2007, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cranfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀: èéfín tó ti ara róòsì Họ́láǹdì jáde fi ju ìlọ́po márùn-ún lọ ju ti Kẹ́ńyà tó wọ bàálù wá, nítorí iná tí wọ́n ń dá sínú ilé onígíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí òwò yìí ti máa ń ṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, òkè oníná Eyjafjallajökull bú ní Iceland, eérú rẹ̀ sé ojú ọ̀run Yúróòpù, bàálù kò fò fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Òdòdó jẹrà ní Nairobi, wọ́n sì rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Òkè tí wọn kò rí rí, ní ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, kòrónà ti ilé ìgbéyàwó àti ṣọ́ọ̀ṣì pa, owó já ní Aalsmeer débi pé wọ́n ń fi katakata tẹ òdòdó tuntun mọ́lẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Kẹ́ńyà sì jókòó sílé. Ọdún 2025 náà, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, nígbà tí àwọn páálí Fálẹ́ńtáìnì ti ń wọ bàálù ní Bogotá, ààrẹ Amẹ́ríkà kéde owó orí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà Kòlóńbíà nítorí èdèkòyédè lórí àwọn tí wọ́n ń lé padà sílé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti parí ìjà. Olódòdó tó lo ọjọ́ kan yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀. Àwọn kan ti ń gbé ẹrù wọn lọ sínú ọkọ̀ ojú omi nítorí owó bàálù, ó ń gba nǹkan bí oṣù kan láti Mombasa, ṣùgbọ́n láti òpin 2023 tí ìkọlù ti wà lórí Òkun Pupa, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń yípo gúúsù Áfíríkà kọjá, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀.

Ìwé ni ó kù. Kẹ́ńyà fọwọ́ sí àdéhùn òwò pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní oṣù kejìlá 2023, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, ọjà wọn ń wọlé láìsan owó ẹnubodè. Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ kòkòrò tún wà. Irú àfòpiná kan tó ń yé ẹyin sára ata àti ọsàn máa ń yé e sára róòsì náà, Yúróòpù kò sì fẹ́ rí ìdin rẹ̀ kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹrin 2025, òfin wọn le sí i: olóko ní láti fi hàn bí òun ṣe ń ṣọ́ kòkòrò yìí láti inú oko títí dé ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti rántí ìyá tó bí ìyá mi. Obì gbànja ni wọ́n ń tà, wọ́n ń di í fún àwọn Hausa ní Ṣábó kó lè dé Kánò. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá bá wọn lórí àpótí, wọ́n ti tú agbọ̀n kan sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò ti lu, ó lọ sápá kan. Èyí tó ń rọ, apá kan. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi ewé gbòdògì tuntun tẹ́ agbọ̀n, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún tú u. Mo bí wọn pé ṣé kò sú wọn. Wọ́n ní, "Obì kan tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ tó láti jẹ agbọ̀n. Wọn ò ní í rántí obì yẹn ní Kánò, èmi ni wọ́n á rántí."

Ìyá àgbà kò rí Naivasha rí, wọn kò sì mọ ohun tí à ń pè ní yàrá tútù. Ewé ni òtútù wọn, omi tí wọ́n ń wọ́n ni fíríìjì, ojú wọn ni ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn ni Yúróòpù ń béèrè lọ́wọ́ olóko róòsì. Ògbómọ̀ṣọ́ sì mọ òwò ọ̀nà jíjìn. Ilé tí kò ní ìtàn Gánà kò pọ̀ láàárín wa, a sì tún mọ ohun tí ìwé lè ṣe fún oníṣòwò, nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn òbí wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ní 1969 pé ẹni tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó máa lọ.

Nígbà wo ni ìṣọ́ra yẹn kúrò lọ́wọ́ wa? Ní 2015, Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ìsápá pupa tí à ń ṣe sóbò, òdòdó tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun ní tòótọ́ nìyẹn, láti Kánò àti Jígàwá. Mẹ́síkò tó ń rà á jù dá a dúró fún ìgbà kan nítorí kòkòrò inú ẹrù. Kì í ṣe ilẹ̀ ló jẹ̀bi nínú méjèèjì.

Èmi kò retí róòsì láti Ògbómọ̀ṣọ́. Máńgòrò ni mo ń wò. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ó kún ẹ̀bá ọ̀nà láti ibí lọ sí Ìlọrin, ó sì ń jẹrà lábẹ́ igi tó so ó, torí kò síbi tútù kan tí à lè gbé e sí fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjà tó dìde. Kaṣú wa ń lọ Íńdíà àti Fẹtinámù nítorí pé ó gbẹ, ó lè dúró de ọkọ̀. Ohun tí kò bá lè dúró, ọwọ́ wa ló ń kú sí. Yàrá tútù tó ń lo oòrùn ti wà ní àwọn ọjà kan ní Nàìjíríà, owó kéréètì kan lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lè kọ́ ọ ní Wàásò. Tòmátì á wọ̀ ọ́, ewédú á wọ̀ ọ́, máńgòrò á wọ̀ ọ́, ọmọbìnrin olódòdó náà á sì rí ibi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ní oṣù kejì. Pápákọ̀ Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n kí bàálù tó dé, a ní láti ní ohun tó ṣì tutù tí à máa gbé wọ̀ ọ́. Ní Nairobi pàápàá, abẹ́ bàálù àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni òdòdó kọ́kọ́ ń fara pamọ́ sí kí ó tó ní bàálù tirẹ̀.

Ọjọ́ kejì Fálẹ́ńtáìnì, mo tún gba Under G kọjá. Róòsì mọ́kànlá ló kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá mo mọ ohun tó lè fi dá wọn dúró di ọjọ́ Àìkú, nítorí ó ti rí ẹni kan tó ń ṣe ìgbéyàwó. Mo ní kó fi ọ̀bẹ mímú bu ìdí wọn ní dídá gẹ̀rẹ́ nínú omi, kó pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì gbé wọn jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú òdòdó gbó. Ó wo ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ìyá náà wò ó padà, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ sí abẹ́ igi lódì kejì títì.